Tata àti Ìrẹ̀: Kòkòrò Oko Méjì tí Ìgbé-Ayé Wọn Kò Jọra

Bí a bá ní kí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dárúkọ àwọn kòkòrò tí ń ba ohun ọ̀gbìn rẹ̀ jẹ́, ó ṣòro kí tata àti ìrẹ̀ má wà nínú wọn. Ìbátan ni àwọn méjèèjì. Inú ẹ̀yà kòkòrò kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pín wọn sí, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn gùn, ó sì lágbára fún fífò, ẹnu wọn sì jẹ́ ẹnu tí ń gé ewé tí ó sì ń rún un. Síbẹ̀, bí ọ̀kan ti ń gbé ayé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ọ̀kan ń gbé ní gbangba láàárín ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Èkejì ń dá gbé nínú ihò. Ọ̀kan ń jẹun lójú oòrùn. Èkejì ń dúró de òru. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ dájú, nítorí òun ni ó ń pinnu ọ̀nà tí a lè gbà dènà wọn. Owó oògùn tí a fọ́n sórí ewé nítorí ìrẹ̀, owó àfiṣòfò ni; bẹ́ẹ̀ sì ni làálàá tí àgbẹ̀ kan ṣoṣo ṣe lórí tata lè já sí asán bí àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà kò bá ṣe tiwọn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé orúkọ. Àwọn kan ń lo "tata" fún gbogbo kòkòrò tí ń fò nínú koríko, àwọn mìíràn a sì máa pe òmíràn nínú wọn ní ẹlẹ́ńgà. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni tata aláràbarà tí ó máa ń bo oko ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus. Ìrẹ̀ tí a sì ń sọ ni ìrẹ̀ ńlá tí ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ oko, Brachytrupes membranaceus, tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kì í ṣe àwọn kéékèèké tí ń ké lẹ́bàá ògiri ilé.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀

Ojú kì í fo àgbà tata. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, àwọn àmì dúdú àti àwọ̀ ọsàn sì wà káàkiri orí àti ara rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú, pẹ̀lú àmì tótòtó tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n rúsúrúsú. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà kò ní ìyẹ́ tí ó gùn tó láti fò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń tọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fọwọ́ mú un, omi kan tí òórùn rẹ̀ kò dára yóò yọ lára rẹ̀. Àwọ̀ títàn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìkìlọ̀ ni fún ẹyẹ àti alángbá pé ẹran yìí korò, ìdí sì nìyẹn tí tata kì í fi í bẹ̀rù àtijókòó ní gbangba.

Ìrẹ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ tóbi ó sì rí roboto, eyín rẹ̀ le, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì nípọn fún gbígbẹ́ ilẹ̀. Ìwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí ó gùn, wà lórí rẹ̀; ti tata kúrú, ó sì le díẹ̀. Ẹran ara ìrẹ̀ dùn, gbogbo ohun tí ń jẹran ní oko ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń fara pamọ́.

Nínú ohun kan wọ́n bára mu: ọmọ àwọn méjèèjì jọ ìyá wọn láti ìgbà tí ẹyin bá ti pa. Wọn kì í di kòkòrò jíjà bí ọmọ labalábá, wọn kì í sì í sùn nínú ìkòkó kí wọ́n tó di àgbà. Wọ́n kàn ń bọ́ awọ léraléra ni, tí ìyẹ́ yóò fi hù.

Tata: ọ̀wọ́ tí ń jẹ oko ní ọ̀sán

Ìran tata tí ó ń ṣe àgbẹ̀ ní ìjàǹbá jù lọ ní gúúsù Nàìjíríà ni èyí tí ẹyin rẹ̀ ń pa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Bélú. Ìran mìíràn wà tí ń jáde nígbà òjò, ṣùgbọ́n kì í sábà pọ̀ tó ti ẹ̀ẹ̀rùn. Gbàrà tí àwọn ọmọ tata bá ti jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ. A ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lórí igi kékeré kan ṣoṣo, tí ewé igi náà yóò dúdú fún wọn. Koríko rírọ̀ àti ewé etí oko ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, àgbẹ̀ tí iṣẹ́ ìkórè gbà lọ́kàn kì í sì í sábà kà wọ́n sí ní àkókò yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí koríko sì ń gbẹ, wọ́n ti dàgbà díẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣí kiri ní ọ̀wọ́. Ẹ̀gẹ́ ni ó ṣẹ́kù tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ní oko. Ẹ̀gẹ́ kò sì ṣàìní ààbò tirẹ̀: nígbà tí eyín bá gé ewé rẹ̀ tí ó tutù yọ̀yọ̀, májèlé sáyánáìdì a máa tú jáde níbẹ̀, tata kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní gúúsù Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé ewé ẹ̀gẹ́ tí ó ti rọ tàbí tí ó ti ń gbó ni tata ń jẹ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀wọ́ ńlá bá bà lé oko kan, tí wọ́n ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ibi gbogbo, ewé náà yóò rọ, ààbò rẹ̀ yóò sì dín kù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ tata ṣe ń rí ohun tí tata mẹ́wàá kò lè rí jẹ. Bí ewé bá tán, wọn a máa bó èèpo ara igi ẹ̀gẹ́ jẹ. Igi tí wọ́n bá bó báyìí kò dára mọ́ fún gbígbìn ní ọdún tí ń bọ̀, nítorí náà àdánù àgbẹ̀ di méjì: ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀ kò ní tóbi bí ó ti yẹ, igi ẹ̀gẹ́ tí yóò gbìn yóò sì wọ́n. Wọ́n tún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́, àgbàdo, àti ọmọ igi kòkó àti ti ọsàn.

Koríko kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ tata. Òun ni àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, orúkọ ìjà òṣèlú àtijọ́ tí koríko náà fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà sí. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó dé Nàìjíríà ṣáájú òmìnira, ó sì ti bo ọ̀pọ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná, gẹ́lẹ́ nígbà tí tata ń dàgbà. Tata a máa ṣù bo òdòdó rẹ̀, kì í ṣe nítorí oúnjẹ nìkan. Àwọn onímọ̀, tí ará Jámánì nì, Michael Boppré, wà lára wọn, ti fi hàn pé èròjà kíkorò kan wà nínú òdòdó náà tí tata ń kó sínú ara rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ìbá pa á jẹ. Abẹ́ ibòji koríko yìí kan náà tún ni ibi tí abo tata fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Oko tí Akíntọ́lá bá yí ká ti fún tata ní ilé àti oògùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, púpọ̀ nínú wọn ti di àgbà. Láti oṣù Ẹrẹ́nà lọ sí Èbìbí ni abo ń yé ẹyin, ibẹ̀ sì ni ìwà ẹgbẹ́ tata ti hàn jù lọ. Wọn kì í yé káàkiri. Láti oko púpọ̀ ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ sí ibì kan tí ó ní ibòji, lábẹ́ igbó ṣúúrú, lábẹ́ igi kòkó tàbí igi ọsàn, tí wọn yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Abo kọ̀ọ̀kan yóò ti ìdí rẹ̀ bọ ilẹ̀, yóò sì yé ẹyin bí 50 sínú ìfófó kan tí yóò le di àpò. Àpò yìí kì í jìn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ sí ojú ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà tata yóò kú bí òjò ti ń múlẹ̀. Ojú oko yóò mọ́, àgbẹ̀ yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Fún bí oṣù 6 tàbí 7, gbogbo tata tí yóò jẹ oko ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ wà nínú ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí kì í fẹ̀ ju àgbàlá kékeré lọ nígbà mìíràn.

Ìrẹ̀: adágbé inú ilẹ̀

Ìrẹ̀ kò ní ẹgbẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbẹ́ ihò tirẹ̀, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn, ihò náà sì lè jìn ju ìdajì mítà lọ. Yẹ̀pẹ̀ tí ó bá gbẹ́ ni ó ń tì jáde, tí yóò di òkìtì kékeré lẹ́nu ihò. Ní ọ̀sán, a máa fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, yóò sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ooru kò ti mú un.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìrẹ̀ yóò jáde, ṣùgbọ́n kì í jìnnà. A máa gé ọmọ ohun ọ̀gbìn láti ìdí, a sì máa wọ́ ọ lọ sínú ihò láti jẹ ẹ́ níbẹ̀ tàbí láti tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ohun tí tata ń jẹ lójú gbogbo ayé, ìrẹ̀ ń gbé e lọ sílé. Ẹ̀gẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ̀pà, òwú, tábà àti tòmátì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ni ó sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àgbẹ̀ tí ó bá jí lówùúrọ̀ tí ó rí i pé ìdí ọ̀gbìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó kù, tí kò sì rí orí wọn nílẹ̀, kí ó wá òkìtì yẹ̀pẹ̀ tútù nítòsí. Bí a bá ti rí i, a ti rí olè.

Akọ ìrẹ̀ ni ó ń ké. Ìyẹ́ rẹ̀ méjì ni ó ń fi ra ara wọn lẹ́nu ihò lóru láti pe abo; tata ní tirẹ̀ kì í kọrin, nítorí pé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wà nígbà gbogbo. Inú ihò ni abo ìrẹ̀ ń yé ẹyin sí. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ wà nínú ihò ìyá wọn, lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lọ gbẹ́ tirẹ̀. Ìran kan ṣoṣo ni ó ń wà lọ́dún. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ibì kan tí a ti lè bá ìran ìrẹ̀ odidi agbègbè pọ̀ bí a ti lè bá ti tata. Ihò kọ̀ọ̀kan, ìrẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ ni ìrẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé mọ bí a ti ń tẹ̀lé igbe rẹ̀ lóru, bí a ti ń tọ ihò rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ tàbí àdá, bí a ti ń yọ ìfun rẹ̀ kí a tó yan án lórí ẹ̀yinná. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Òwe náà fi ìrẹ̀ hàn bí ohun kékeré ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́rìí pé wíwa ìrẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀nà tí a lè gbà dènà wọn

Fún tata, ibi tí ẹyin wà ni kí a dojú kọ. Bí ó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, kí àgbẹ̀ máa ṣọ́ ibi tí àwọn àgbà tata ti ń ṣùjọ sórí ilẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí ó sì ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí àmì. Àmì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé koríko ìgbà òjò yóò bo ibẹ̀ láìpẹ́, ojú kò sì ní lè dá a mọ̀ mọ́. Nígbà tí yíyé ẹyin bá ti parí, tí oṣù Ọ̀wàrà kò sì tíì dé, kí a ṣán ibẹ̀ mọ́, kí a sì fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà ní jíjìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn àpò ẹyin lè bọ́ síta. Oòrùn yóò gbẹ wọ́n, ẹyẹ àti èèrà yóò sì jẹ wọ́n. Kò gba owó, ọkọ́ àti ọjọ́ kan ni ó gbà.

Ohun tí ó ń mú iṣẹ́ yìí kùnà ni kí ẹnì kan dá a ṣe. Ibi tí ẹyin wà lè má sí nínú oko ẹni tí tata ń jẹ oko rẹ̀. Ó lè wà nínú igbó àkọ́tì, tàbí lábẹ́ kòkó ẹlòmíràn. Nítorí náà, gbogbo àwọn tí oko wọn wà ní ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí wọ́n jọ wá ibẹ̀, kí wọ́n sì jọ tú u, bí a ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1985, Indigenous Agricultural Revolution, ọ̀mọ̀wé Paul Richards ṣàlàyé bí àwọn àgbẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ti mọ púpọ̀ nípa oúnjẹ tata àti bí ó ti ń yé ẹyin, kí àwọn olùwádìí tó wá bá wọn. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ìfohùnṣọ̀kan ni ó sábà ń ṣòro.

Bí àkókò ìtúlẹ̀ bá ti kọjá tí àwọn ọmọ tata sì ti jáde, ọ̀nà ṣì wà. Ní alẹ́, wọn a máa gun orí igi kéékèèké, wọn a sì ṣùjọ síbẹ̀ di òwúrọ̀. Kí oòrùn tó mú, ara wọn kì í yá. A lè gbọ̀n wọ́n sínú garawa tí a bu omi ọṣẹ sí. Bí a bá fẹ́ lo oògùn apakòkòrò rárá, ìgbà tí wọ́n ṣì kéré tí wọ́n sì wà papọ̀ létí ibi tí wọ́n ti pa ni oògùn díẹ̀ lè tó. Bí wọ́n bá ti tàn ká oko ẹ̀gẹ́, owó náà kò ní ran ohun tí a ná an sí mọ́. Kí a bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ kí a tó ra oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo Gammalin tí ó kù láti ayé àtijọ́: lindane tí ó wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm fi sí àtòkọ ohun tí a gbọ́dọ̀ pa rẹ́ ní 2009, nítorí pé kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, omi àti ara ènìyàn.

Àìsàn pẹ̀lú ń pa tata. Ẹ̀yà olú kan tí ojú lásán kò lè rí a máa wọ inú ara rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù; a ó rí tata tí ó ti kú tí ó sì di orí igi mú ṣinṣin. Kí a má ṣe já irú èyí dànù, nítorí ara rẹ̀ ni àìsàn náà yóò ti ran àwọn mìíràn. Irú olú mìíràn, Metarhizium, ni àwọn olùwádìí sọ di oògùn tí a ń pè ní Green Muscle, nínú ètò LUBILOSA tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, tí ibùdó IITA tí ó wà nítòsí Kútọ̀nú kó ipa ńlá nínú rẹ̀. A dán irú rẹ̀ wò lórí tata pẹ̀lú. Tata àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ koríko ni ó ń pa. Kì í pa ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn.

Ìrẹ̀ kò gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ní èrò tiwa, kò sí oko tí ìrẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó kí a fọ́n oògùn sí gbogbo ojú ilẹ̀ rẹ̀. Oògùn orí ewé kì í dé ìsàlẹ̀ ihò. Ohun tí ó yẹ ni kí àgbẹ̀ yí oko ọ̀gbìn tuntun ká ní òwúrọ̀, kí ó tọ òkìtì tútù dé ihò, kí ó sì wa ìrẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Èyí tí ó bá wà nítòsí ibi tí a fẹ́ lọ́ tòmátì tàbí tábà sí ni kí a kọ́kọ́ wa, kí a tó lọ́ ọ. Àgbẹ̀ kan lè ṣe é láìdúró de ẹnikẹ́ni, yóò sì rí ẹran jẹ nínú rẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ jíjẹ yìí ni ìkìlọ̀ wà. Àwọn kan ń jẹ tata náà ní apá kan Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n èròjà kíkorò tí ó ń kó láti inú òdòdó Akíntọ́lá jẹ́ irú èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ní ti ìrẹ̀, oko tí a ti wa á ni kí a bèèrè. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa po èèrí mọ́ májèlé, wọn a sì fi í sí ẹnu ihò. Ibi tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sọ fún gbogbo òbí tí ó wà nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ọmọ má baà wa ìrẹ̀ níbẹ̀. Kí a sì sin ìrẹ̀ tí ó bá kú jìn sínú ilẹ̀, níbi tí adìyẹ kò ti lè tú u.